West Kennet: ẹ mú bàtà rọ́bà àti tọ́ọ̀ṣì dání

Ẹ̀yin tí ẹ ní màmá yín ń bọ̀ láti Ìbàdàn, tí ẹ fẹ́ kó wọn àtàwọn ọmọ lọ wo òkìtì ìsìnkú West Kennet ní Wiltshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà ìsinmi oṣù kejì: ẹ lọ o. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún un di oṣù kẹfà. Oṣù kejì lèmi náà kọ́kọ́ lọ, ojú mi rí màbo.

Bọ́ọ̀sì 49 la wọ̀ láti Swindon, a sọ̀ ní Avebury, abúlé tó wà nítòsí ibẹ̀, a ní ká fẹsẹ̀ rìn gba ẹ̀bá odò Kennet lọ. Odò yẹn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ìgbà òtútù ló máa ń kún, ó sì ti bo ojú ọ̀nà lọ́jọ́ tá a dé. Ẹfun ló wà lábẹ́ ilẹ̀ àgbègbè náà. Tí omi bá ti kàn án, ṣe ló ń lẹ̀ mọ́ bàtà bí iyán tó gba omi jù. Ọmọ mi gbẹ́sẹ̀, bàtà rẹ̀ ò tẹ̀ lé e. Kánfáàsì funfun lèmi wọ̀, ó tún wá funfun sí i. Nígbà tá a fi máa gun òkè débẹ̀, aago márùn-ún ti kọjá, ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo tan iná fóònù, ìṣẹ́jú méjì ló lò, ó kú. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Táyọ̀, ilé ti yá o." A ò rí nǹkan kan.

Lẹ́ẹ̀kejì, oṣù kẹfà ni, mọ́tò la gbé lọ. Ẹ páàkì sí ẹ̀gbẹ́ títì A4 nísàlẹ̀ òkè, ibẹ̀ ò tó máìlì kan lọ sókè. Wọn kì í gba owó. Ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ dání, géètì ọ̀nà yẹn há; ẹ pọn ọmọ.

Lókèèrè, ebè iṣu kan ṣoṣo tí òmìrán kọ ló jọ, ó gùn tó 100 mítà, oko ọkà ló yí i ká. Ẹ̀yìn àwọn òkúta gàgàrà tí wọ́n fi dí ẹnu rẹ̀ lẹ máa gbà wọlé. Yàrá márùn-ún ló wà nínú: méjì lápá òsì, méjì lápá ọ̀tún, ọ̀kan ní ìparí ọ̀nà. Àgbàlagbà lè dúró gbọọrọ. Àwọn tó tún un ṣe fi gíláàsì sí òkè rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè máa wọlé, ṣùgbọ́n láìsí tọ́ọ̀ṣì, kọ̀rọ̀ yàrá ò ní hàn sí yín. Ẹ fọwọ́ wá ibi tí wọ́n ti pọ́n àáké òkúta lára ọ̀kan nínú àwọn òkúta náà, àáké irú èyí tí àwa ń pè ní edùn àrá. Ojú ibẹ̀ ń dán, ó sì tutù bí ojú ọlọ.

Màmá mi wà pẹ̀lú wa lọ́jọ́ náà. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní àwọn ò wọ ibojì ẹni táwọn ò mọ̀. Wọ́n bi mí pé òkú ta ni. Mo ní nǹkan bí ọdún 3650 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n kọ́ ọ, ó fi ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ dàgbà ju píramídì ńlá Íjíbítì lọ. Pé nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn, Stuart Piggott àti Richard Atkinson, gbẹ́ ẹ ní 1955 sí 1956, egungun èèyàn tó tó 36, ó kéré tán, ló wà níbẹ̀, ọkùnrin, obìnrin àtọmọdé. Kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lọ tí wọ́n fi sin gbogbo wọn síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń da ẹfun àti ilẹ̀ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kún.

Màmá gbọ́ tán, wọ́n ní, "Àwọn ọmọ wọn wá dà?"

Ìbéèrè yẹn ló mú mi lọ́kàn jù. Àyẹ̀wò DNA egungun àtijọ́ tó jáde ní 2018 fi hàn pé àwọn àjèjì dé Bìrìtéènì láti òkè òkun ní nǹkan bí ọdún 2450 ṣáájú ìbí Kristi, láàárín ọ̀rúndún mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ tiwọn ti gba bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lára àwọn ará ibẹ̀. Ọmọ àwọn tó kọ́ òkìtì yìí kò fi bẹ́ẹ̀ kù. "Ó mà ṣe o," ni Màmá wí.

Ìgbà náà ni wọ́n yọjú wolé, wọ́n rí òdòdó, èso ápù àti àbẹ́là tẹ́nì kan gbé kalẹ̀ lórí òkúta. Wọ́n pariwo: "Ẹbọ rèé! Òyìnbó náà ń rúbọ!" Ẹ̀rín pa wá. Wọ́n sì wọlé. (Ẹ̀yin ẹ má tan àbẹ́là o, èéfín ń ba òkúta jẹ́.)

Òkè ribiti tí ẹ máa rí lódìkejì títì, Silbury Hill, kì í ṣe ibojì. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ lọ́pọ̀ ìgbà, wọn ò bá òkú kankan. Wọ́n ti fòfin de gígun ún, torí náà ẹ di ọwọ́ àwọn ọmọ mú.

Ilé ìyàgbẹ́ ò sí lórí òkè, Avebury ló wà, ẹ ti ibẹ̀ ṣe tán. Tí màmá yín bá sì ní àwọn ò wọlé, ẹ má fà wọ́n. Ẹ mú àga tó ṣeé ká dání, kí wọ́n jókòó síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, atẹ́gùn tó ń fẹ́ níbẹ̀ dára.