Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Léèrè: Slash Command Mi Ò Yọjú!

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi discord.py (àkójọ kọ́ọ̀dù Python tí wọ́n fi ń ṣe bot Discord) kọ bot kan, ìyẹn ètò tó ń dáhùn fúnra ẹ̀, fún àwa ọmọ kíláàsì wa lórí Discord, òun ló ń rán wa létí ọjọ́ ìdánwò, “!idanwo” la máa ń tẹ̀, ó sì ń dáhùn dáadáa. Mo wá ní kí n sọ ọ́ di slash command, ìyẹn kọmáǹdì tí wọ́n ń fi “/” pè, mo fi @bot.tree.command sórí fọ́ńṣọ̀n ẹ̀, mo tan bot padà, kò sí error kankan, àmọ́ tá a bá tẹ “/” a ò rí nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi tree.sync() sínú on_ready, ìyẹn fọ́ńṣọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ tí bot bá ti wọlé sórí Discord. Ṣé kí n gbọ́ tiẹ̀? (Àbúrò yín, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìdáhùn: Àbúrò, kọ́ọ̀dù ẹ ò ṣe nǹkan kan jàre. “!idanwo” yẹn, Discord ò mọ̀ pé kọmáǹdì ni, ọ̀rọ̀ lásán ló kà á sí, bot ẹ ló jókòó tó ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ, tó bá ti rí “!” á dìde. Slash ò rí bẹ́ẹ̀ rárá o. Discord fúnra ẹ̀ ló ń to orúkọ kọmáǹdì jáde béèyàn bá ṣe ń tẹ “/”, ó sì gbọ́dọ̀ ti ní orúkọ yẹn lọ́wọ́ ṣáájú. @bot.tree.command kàn fi í sínú CommandTree (àkójọ kọmáǹdì bot ẹ) ni, lórí kọ̀ǹpútà tìẹ níbẹ̀, sync ló máa gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó sọ ọmọ lórúkọ nínú yàrá tí ò pe ará ilé kankan, kí ni kí wọ́n máa pe ọmọ náà?

Ọ̀rẹ́ ẹ gba ìdajì. Sync ló kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n on_ready kọ́ ni ibi tó yẹ ẹ́. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já tó tún padà, on_ready lè tún ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mélòó sì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ń já lójúmọ́? Wàá kàn máa fi orúkọ kan náà ránṣẹ́ ṣáá, Discord á sì ní kó o lọ dúró ná. Èmi máa ń sọ ọ́ di kọmáǹdì “!” tó jẹ́ pé ẹni tó ni bot nìkan ló lè pè é:

```
@bot.command()
@commands.is_owner()
async def sync(ctx):
    bot.tree.copy_global_to(guild=ctx.guild)
    await bot.tree.sync(guild=ctx.guild)
```

Inú sáfà tó o bá ti tẹ̀ ẹ́ nìkan ló máa wọ̀, ìyẹn sì tó yín. Má tún wá pe sync láìfi guild (bí wọ́n ṣe ń pe sáfà nínú kọ́ọ̀dù) sí i o, gbogbo sáfà nìyẹn ń rán an lọ, kọmáǹdì kan á wá máa yọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó o bá yí orúkọ, àlàyé tàbí ohun tí kọmáǹdì ń gbà padà nìkan lo nílò láti tún tẹ “!sync”, tó bá jẹ́ inú fọ́ńṣọ̀n lo tún ṣe, tan bot padà, ó parí. Tí kò bá yọ síbẹ̀, tẹ Ctrl+R lórí Discord tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Tó bá sì jẹ́ sync gan-an ló ń pariwo Missing Access, línkì tó o fi mú bot wọlé ni ò ní applications.commands (àṣẹ tó ń jẹ́ kí bot fi slash command sí sáfà), ṣe òmíì kó o tẹ̀ ẹ́, kò dìgbà tó o bá lé bot jáde.

Orúkọ ńkọ́? Kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 32, kò gbọdọ̀ ní lẹ́tà ńlá tàbí àlàfo. “/ìdánwò” máa wọlé, torí ì, á àti ò, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí. Ṣùgbọ́n dán “/ọjọ́” wò, discord.py á kọ̀ ọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ Discord pàápàá: kò sí ọ́ tó dá dúró nínú Unicode (ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń to lẹ́tà gbogbo èdè), ọ ni wọ́n máa ń kọ kí wọ́n tó gbé àmì lé e lórí, wọn ò sì gba àmì yẹn nínú orúkọ. Wọ́n ṣètò fún Thai, wọ́n ṣètò fún Devanagari (lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ Hindi), wọn ò rántí tiwa, ó máa ń bí mi nínú gan-an. Kọ “/ojo”, kó o wá fi àmì tó péye sínú àlàyé, ibẹ̀ gba lẹ́tà 100.

Tẹ́nì kan bá ń rojọ́ pé “!” ló mọ́ òun lára, lo @bot.hybrid_command, ó ti wà láti discord.py 2.0 tó jáde lọ́dún 2022, fọ́ńṣọ̀n kan á máa dá méjèèjì lóhùn. Sync ṣì di dandan.

Ìbéèrè: Tèmi ń yọ, àmọ́ ìgbà míì ó máa ń kọ “The application did not respond”, ìgbà míì ó dára. Kí ló fà á? (Tíṣà, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Tíṣà wa, ìṣẹ́jú àáyá 3 péré ni Discord ń fún bot láti dáhùn. Tí kọmáǹdì yín bá ń lọ mú nǹkan wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára á bá a, ọjọ́ tí ò bá dára, ó ti kọjá. Ẹ kọ await interaction.response.defer(), tó ń sọ fún Discord pé èsì ń bọ̀, sí ìlà àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ ṣe iṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ wá fi await interaction.followup.send() fèsì, ẹ ti ní ìṣẹ́jú 15 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó béèrè nìkan rí èsì, inú defer yẹn lẹ ti máa kọ ephemeral=True, tó bá di followup ó ti pẹ́. Tó bá sì jẹ́ requests (àkójọ kọ́ọ̀dù Python kan) lẹ fi ń lọ mú nǹkan ọ̀hún lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi òmíì tó ń jẹ́ aiohttp rọ́pò ẹ̀, torí requests máa ń dá gbogbo bot dúró títí á fi parí, ẹlòmíì tó bá tẹ kọmáǹdì lásìkò yẹn á jẹ nínú ẹ̀.