Kí ẹ tó ra gíà mìíràn, ẹ yẹ ràdíétọ̀ wò

Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìgbógbó, ẹ kú wàhálà ọkọ̀. Mo ka ohun tí ẹ kọ, pé Corolla 2005 yín kì í tètè mú rìfáàsì láàárọ̀, pé tí ẹ bá ti wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Máìlì 12 títí dé Ògólóńtò, ẹ́ńjìnnì á máa ké ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ní lọ, àti pé mẹkáníìkì yín ti ní kí ẹ mú owó wá kí òun lọ ra gíà tòkúnbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì fún un ní owó náà. Èmi ti ra gíà méjì láàárín oṣù méjì rí, èyí tí mo kọ́kọ́ rà kò sì ní àbùkù kankan. Inú ọkọ̀ tí ohun tó pa gíà àtijọ́ ṣì wà ni mo gbé e sí.

Ọdún 2021 ni. Jíìpù ni mo ń wà nígbà náà, láti Àgríìkì lọ sí ibi iṣẹ́ mi ní Kétu. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ lórí afárá Májídùn, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni pé mò ń wà á kọjá lórí igi tí wọ́n tò sójú ọ̀nà, kò sì pẹ́ tí gíà fi kọ̀ tí kò mú mọ́. Mo ní kí ọlọ́kọ̀ kan fi okùn fà mí délé. Àṣìṣe ni mo ṣe níbẹ̀. Nínú ọkọ̀ ọ̀tọ̀mátíìkì, ẹ́ńjìnnì ló ń yí páńpù tí ń gbé ọ́ọ̀lì káàkiri inú gíà. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú tí táyà sì ń yí nílẹ̀, ṣe ni irin ń ha irin láìsí ọ́ọ̀lì tó tó láàárín wọn. Táyà tí gíà ń yí ló yẹ kí wọ́n gbé kúrò nílẹ̀, iwájú ni ó sì wà nínú ọkọ̀ tiyín.

Mẹkáníìkì mi nígbà náà kò yẹ ohunkóhun wò. Ó ní gíà ti kú, mo san ₦165,000 fún òmíràn láìka owó iṣẹ́, ọkọ̀ sì lọ dáadáa fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Ní ogúnjọ́, ìgbọ̀nrìrì yẹn padà dé.

Àgbà kan ní Ògólóńtò, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju gíà lọ, ni wọ́n júwe fún mi. Kò béèrè owó, kò sì fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan. Ó fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ọ̀lì gíà yọ, ó kán an sórí tíṣù funfun, ó sì nà án sí mi. Ọ́ọ̀lì gíà tó dára a máa pọ́n, á sì mọ́ gaara bí sóbò tí a sẹ́ dáadáa. Èyí tí mo rí dà bí ìgbà tí ènìyàn bu mílíìkì sínú sóbò, omi sì yọ́ kúrò létí rẹ̀ lórí tíṣù náà. Ó ní kí a tú ràdíétọ̀. A gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó dí ihò kan nínú méjì tí ọ́ọ̀lì gíà ń gbà kọjá, ó rì í sínú agbada omi, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí ihò kejì. Ìfòòfó bẹ̀rẹ̀ sí í ru jáde láti ẹnu ibi tí a ti ń da omi sí. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo ₦165,000 mi bó ṣe ń hó nínú omi.

Bí ó ṣe rí nìyí: nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ọ̀tọ̀mátíìkì, ọ́ọ̀lì gíà máa ń gba inú ọpọ́n kékeré kan kọjá nínú ràdíétọ̀ kí omi tó yí i ká lè tù ú. Tí ọpọ́n yẹn bá lu, omi á wọnú gíà, ọ́ọ̀lì á sì wọnú omi. Omi yìí ló ń yọ gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ohun tí ń di irin mú mọ́ ara àwọn pẹlẹbẹ inú gíà, tí wọ́n á fi máa ṣí. Kò sí gíà tuntun tó lè bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Èmi kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tiyín ṣe rí. Kí gíà má tètè mú láàárọ̀ àti kí ẹ́ńjìnnì máa ké láìjẹ́ pé ọkọ̀ ń lọ nígbà tí ó bá gbóná lè wá láti inú ọ́ọ̀lì tó lọ sílẹ̀ lásán, nítorí náà ọ́ọ̀lì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Corolla yín ní ọ̀pá ìwọ̀n. Ẹ wa ọkọ̀ náà kí ó gbóná, ẹ dúró sí ibi tó tẹ́jú, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fi ọwọ́ gíà kọjá láti P dé L díẹ̀díẹ̀, ẹ dá a padà sí P, kí ẹ sì wo ọ̀pá náà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Tí ó bá lọ sílẹ̀, ẹ wá ibi tí ó ti ń jò. Tí ó bá ti dúdú, tí ó ń rùn bí ohun tó jóná, tí ẹ sì rí ìyẹ̀fun irin tó ń dán nínú rẹ̀, ìpààrọ̀ ọ́ọ̀lì kò ní gbà á là mọ́, ẹ má náwó sí i.

Ọ́ọ̀lì tí ẹ óò dà sí i ni T-IV, irú ọ́ọ̀lì gíà Toyota kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ́ọ̀lì pupa kò ju ọ̀kan lọ, nítorí WS tí wọ́n tún ń tà fún Toyota fúyẹ́ jù ú lọ, a kì í sì í fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ gíà ni mo ti rí tí ó kú sọ́wọ́ ẹni tó kàn da ohun tó wà lórí àtẹ sí i.

Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe skánì rẹ̀, kí ó lè ka nọ́mbà àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti kọ sílẹ̀. Tí P0700 bá jáde, ìyẹn kàn ń sọ pé gíà ní ẹjọ́ ni. Nọ́mbà mìíràn tó bá jáde pẹ̀lú rẹ̀ ni kí ẹ béèrè. P0750, fún àpẹẹrẹ, ń tọ́ka sí solenoid kan (ohun kékeré tí iná mànàmáná fi ń ṣí ọ̀nà ọ́ọ̀lì tí ó sì fi ń tì í nínú gíà) tí a lè yẹ̀ wò kí a sì pààrọ̀ láìra odindi gíà.

Tí ó bá wá jẹ́ dandan pé kí ẹ ra òmíràn, ẹ rí i pé nọ́mbà ara rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu, kí ẹni tó tà á kọ iye ọjọ́ ìdánwò sínú rìsíìtì, kí wọ́n sì fọ àwọn họ́ọ̀sì ọ́ọ̀lì mọ́ kí ìdọ̀tí irin àtijọ́ má baà wọnú tuntun. Ẹ dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń gbé e. Kọ̀nfátà tó wà níwájú gíà, tí ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọnú rẹ̀, gbọ́dọ̀ wọlé tán pátápátá kí wọ́n tó de bóòtù kankan. Ẹni tó bá fi bóòtù fà á wọlé, páńpù ló ń fọ́.

Lọ́la, kí ẹ tó tan ọkọ̀, nígbà tí omi ràdíétọ̀ ṣì tutù, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, kí ẹ sì fi ìka kan ọrùn inú rẹ̀. Tí ó bá ń yọ̀ bí ọ̀rá, ẹ má tan ọkọ̀ náà rárá. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí síbí, mo máa kà á kí n tó lọ síbi iṣẹ́.