Bọ́nẹ́ẹ̀tì Ṣíṣí: Ẹ́ńjìn síìtì tó já, ṣé a lè dà á fúnra wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Camry Big Daddy ni mo ń wà, Owódé l'Ọ̀yọ́ ńbí ni mo ń gbé àmọ́ iṣẹ́ ń gbé mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ sì mọ ọ̀nà yẹn. Tí mo bá ti ki gíà sí D tí mo tẹ bíréèkì, gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, tí mo bá wá tẹná sí i, màá gbọ́ "gbà!" lábẹ́. Mẹ́káníìkì mi ní ẹ́ńjìn síìtì ni, irin onírọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, ó ní méjì ti já nínú mẹ́rin. Tòkunbọ̀ tá a fi pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́sí ò pé oṣù márùn-ún tó tún fi já. Àbúrò mi tó wà ní LAUTECH wá ń sọ pé àwọn kan máa ń da urethane, kẹ́míkà ṣíṣàn tó máa ń gan bíi rọ́bà, sínú èyí tó já, pé ó máa ń le ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé èèyàn lè ṣe é nílé àbí wọ́n fẹ́ kí n ba mọ́tò mi jẹ́ ni?
Onímọ́tò Owódé, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Àbúrò, òótọ́ ni, ó ṣeé ṣe, èmi náà ti ṣe é. Mo ba àkọ́kọ́ jẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe, màá dé ibẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ "ó le ju ti ilé iṣẹ́ lọ" yẹn ló ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà, jẹ́ n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ méjì ni rọ́bà inú ẹ́ńjìn síìtì ń ṣe: ó ń gbé ẹ́ńjìnnì ró, ó sì ń gba gbígbọ̀n rẹ̀ mọ́ra kó má dé ọ̀dọ̀ wa. Láyé ọjọ́un, ọ̀pọ̀ mọ́tò ló jẹ́ pé wọ́n de ẹ́ńjìnnì mọ́ irin abẹ́ rẹ̀ gírígírí ni, gbogbo ara ni wọ́n fi ń gbọ̀n. Chrysler ló wá pariwo ẹ̀ síta lọ́dún 1931, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì Plymouth lé rọ́bà, wọ́n pè é ní Floating Power, ni mọ́tò sílíńdà mẹ́rin bá ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́. Tó o bá wá da nǹkan tó le gbagidi sínú síìtì rẹ, ayé ká tó dé 1931 lo dá mọ́tò rẹ padà sí yẹn. Ẹ́ńjìnnì ò ní fò mọ́ lóòótọ́, àmọ́ níwọ̀nba ìgbà tó o bá dúró tí éésì ń ṣiṣẹ́, eyín ẹ á máa lura wọn.

Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń wọn líle rẹ̀, Shore A ni wọ́n ń pè é. Rọ́bà ilé iṣẹ́ sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 50 sí 60. Urethane tí wọ́n ń tà, wà á rí 60, wà á rí 80, wà á rí 95. Àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìje ló ni 80 àti 95, àwọn yẹn ò bìkítà bóyá ara ń dùn wọ́n. Ìwọ tó ń lọ síbi iṣẹ́, 60 ni tìẹ.

Ohun kejì tí àbúrò ẹ ò sọ fún ẹ ni pé síìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò ṣe iṣẹ́ kan náà. Tẹ̀gbẹ́ tẹ̀gbẹ́ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù ẹ́ńjìnnì, ti iwájú àti ẹ̀yìn ló ń dì í mú kó má yí nígbà tó o bá tẹná. "Gbà!" tó o ń gbọ́ yẹn, àwọn iwájú àti ẹ̀yìn yìí ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀kan nínú wọn ni kó o dà, jẹ́ kí tẹ̀gbẹ́ wà lórí rọ́bà, kó o wá wà á fún ọ̀sẹ̀ méjì kó o mọ̀ bóyá o lè bá a gbé kó o tó da ìkejì. Èyí tó bá sì jẹ́ elépo, tó o rí nǹkan dúdú tó ń sun lára ẹ̀, tàbí tí wáyà tàbí páìpù rọ́bà kékeré wọnú ẹ̀, má da nǹkan kan sí i rárá. Omi inú ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, tuntun ni kó o rà.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Màá fi jáàkì gbé ẹ́ńjìnnì díẹ̀, màá fi pákó pẹlẹbẹ sáàárín jáàkì àti ọpọ́n ọ́ìlì kó má baà tẹ̀ wọnú, mi ò sì ń kórí sábẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Irin àárín síìtì tó ti já á ti sọ̀ kalẹ̀, tó o bá dà á bẹ́ẹ̀, bóòtù ẹ ò ní bá ihò mu mọ́, o lè sunkún. Lọ bá àwọn tó ń ta tòkunbọ̀, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó o fi rúlà wọn èyí tó ṣì dáa, kó o wá fi ègé igi kékeré gbé ti ẹ sókè títí á fi bá ìwọ̀n yẹn mu. Rọ́bà tó kù nínú ẹ̀, má yọ ọ́ tán. Àwọn kan máa ń dáná sun ún kó lè kúrò kíá, èéfín yẹn burú, kò sì pọn dandan, torí rọ́bà àtijọ́ ló máa bá ẹ di irin àárín mú, àlàfo tó ya sílẹ̀ ni urethane ń lọ. Epo ni ọ̀tá gidi. Fọ̀ ọ́ tọṣẹtọṣẹ, fi sáńpépà ha irin ẹ̀ títí á fi dán, fi thinner nù ún, jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Tí epo bíńtín bá ṣẹ́ kù, urethane á gan, á rẹwà lójú, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì á ṣí kúrò lára irin bí èèpo ẹyin. Ki bóòtù tó o ti fi fásilíìnì pa sínú ihò àárín, fi téèpù àti páálí dí ìdí ẹ̀ kó má jò.

Ibi tí mo ti ṣìṣe ni pípò. Oṣù keje ni, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, òjò rọ̀ láàárọ̀, mo ra oníkẹ́míkà méjì, A àti B, mo lọ fi igi tí mo kàn ṣà nílẹ̀ rò ó. Kó tó pẹ́ ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì, ó kún jáde lórí síìtì, ó ṣàn sórí tábìlì ìyàwó mi (ọ̀rọ̀ ìyẹn ò tíì tán nílé o). Nígbà tí mo gé e, ihò wínníwínní ló kún inú ẹ̀, ó rí bíi fóòmù. Àṣé fóòmù náà ni! Urethane yìí àti fóòmù tá a ń sùn lé, ọmọ ìyá kan ni wọ́n, Otto Bayer àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Jámánì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1937. Tí omi bá ti kan kẹ́míkà ẹ̀, gáàsì á jáde, gáàsì yẹn ló ń fẹ̀ ẹ́. Igi tútù, kọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, afẹ́fẹ́ òjò, gbogbo ẹ̀ ló ń fún un lómi. Ìgbà ọyẹ́ ni mo wá tún un ṣe, mo lo irin gbígbẹ, mo fi síkéèlì àwọn tó ń ṣe kéèkì wọn A àti B bó ṣe wà lára agolo wọn, mo rọra ń rò ó láì pò ó bíi ẹyin, mo dà á tín-ín-rín láti ẹ̀gbẹ́ kan. Kò sí ihò kan. Mo fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 7 kó tó wọnú mọ́tò.

Ọ̀kan tún wà, èyí tí wọ́n fi ń lẹ wíńsíkírìnì, urethane inú túùbù. Ìyẹn yá rí rà, ó sì rọ̀ dáadáa fún ohun tá a ń sọ yìí, àmọ́ òdìkejì ni: omi inú afẹ́fẹ́ ló fi ń gan. Ìta ló ti ń gan wọnú, bíi mìlímítà 3 sí 4 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, á sì máa falẹ̀ sí i. Tó o bá ki gbogbo ẹ̀ kún un lẹ́ẹ̀kan nínú ọyẹ́, òde á gan kó, inú á sì wà bí ẹ̀kọ gbígbóná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kì í, àkókò òjò ló sì dùn ún ṣe jù. Nítorí náà, ojú ọjọ́ ni kó o kọ́kọ́ wò kó o tó mọ èyí tó o máa rà.

Ìta gbangba ni kó o ti ṣe é, wọ ìbọ̀wọ́. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ isocyanate wà nínú wọn, kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró rárá, ẹni tó bá ní àsímà ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Síìtì tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù sàlẹ́ńsà, fi páànù dí ooru lára ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á rọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú àdúrótì ọ̀rọ̀ wa sà. Micra méjì ni mo ní tí wọ́n ń fi ná Tákíè sí Under G. Dírẹ́bà mi ní ọ̀kan ń gbọ̀n, mẹ́káníìkì ní kí n má ra síìtì, pé òun á gé táyà sínú ẹ̀. Ṣé kí n gbà?
Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó mọ́tò, Mà. Ẹ ní kí dírẹ́bà kọ́kọ́ ki gíà sí fúrí, tó bá ṣì ń gbọ̀n bákan náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo pílọ́ọ̀gì kẹ́ ẹ tó náwó kankan, ó lè jẹ́ pé sílíńdà kan ni ò ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ síìtì lóòótọ́, ọ̀rọ̀ táyà yẹn, mi ò ní í bú mẹ́káníìkì yín, mo ti rí èyí tó gbé èèyàn délé láti Ìlọrin. Àmọ́ ó kàn há síbẹ̀ ni, kò lẹ̀ mọ́ irin. Rọ́bà ilé iṣẹ́, iná ni wọ́n fi sè é mọ́ irin kó di ọ̀kan, ìyẹn ni ò jẹ́ kó máa yọ̀. Mọ́tò tó ń dúró tó ń gbéra níbùdókọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, táyà yẹn á jáde. Ẹ ra tuntun fún èyí tó ń gbé ẹrù, Mà.

ÌBÉÈRÈ: Silikónì tí wọ́n fi ń dí gasikẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ó wà nílé, agolo odidi kan.
Ọmọ Sábó, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ó máa ń ya wẹ́rẹ́ tí nǹkan bá fà á. Ẹnì kan kó tiẹ̀ wá bá mi rí, àtàǹpàkò lásán ni mo fi yọ gbogbo ẹ̀ jáde, bí ẹni yọ ìgbín nínú ìkarahun.