Sítéèjì kan náà, ìwà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọkọ mi lóṣù tó kọjá, jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni, wọ́n ní sítéèjì kejì. Bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, sítéèjì kejì náà ni wọ́n sọ fún wọn, àmọ́ ọdún ò tíì yípo tó fi padà. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà wá ní kí n bi dọ́kítà pé CMS mélòó ni tiwa. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Oorun ò kùn mí mọ́. – Ìyàwó, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ọlọ́run á wo bàbá sàn. Ṣẹ́ ẹ rí i, ibi tí jẹjẹrẹ rìn dé ni sítéèjì ń sọ, kò sọ ìwà ẹ̀ o. Ìwà ẹ̀ yẹn ni CMS ń sọ. Ní 2015 làwọn onímọ̀ kó kókó jẹjẹrẹ ìfun ńlá tó ju 4,000 lọ jọ, wọ́n wo bí jíìnì inú wọn ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n wá pín in sọ́nà mẹ́rin, CMS1 dé CMS4, àwọn kan ò tiẹ̀ bọ́ sí ìkankan. CMS2 ló pọ̀ jù, bíi 37 nínú 100. CMS4, tó tó bíi 23, lẹ̀rù wà lára ẹ̀, òun ló máa ń padà jù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Àmọ́ kí n má purọ́ fún yín, ẹ má wulẹ̀ da dọ́kítà láàmú nítorí CMS, àwọn olùwádìí ló ń lò ó jù. Tẹ́ẹ̀sì MMR, èyí tó ń wo bóyá jẹjẹrẹ náà ṣì lè tún àṣìṣe DNA ẹ̀ ṣe, ni kẹ́ ẹ bèèrè. Ẹran tí wọ́n gé jáde yẹn, láàbù kì í dà á nù, inú ìda ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí, ara ẹ̀ ni wọ́n á ti wá purotéènì mẹ́rin tó ń tún àṣìṣe DNA ṣe: MLH1, PMS2, MSH2, MSH6. Tí wọ́n bá wá èyíkéyìí tì, ó lè ṣe yín bíi pé ìròyìn burúkú ni, rárá o, ní sítéèjì kejì irú ẹ̀ kì í sábà padà, oògùn kẹ́mò tí wọ́n ń pè ní 5-FU nìkan ò sì ń fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún un. Ẹni tí tiẹ̀ bá ti ràn dé ẹ̀dọ̀ ló tún máa nílò tẹ́ẹ̀sì àwọn jíìnì KRAS, NRAS àti BRAF.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé nǹkan òyìnbó nìyẹn. Nínú ìwádìí táwọn dọ́kítà Ifẹ̀ àti ti ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Memorial Sloan Kettering ní New York jọ ṣe, tó jáde ní 2021, irú tí àtúnṣe DNA ẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀ yìí pọ̀ lára àwọn aláìsàn tiwa, bíi 28 nínú 100, ó ju ti New York lọ.

Tí purotéènì kan ò bá sí lóòótọ́, ẹ bi wọ́n bóyá àbímọ́ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Lynch, torí tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó yẹ káwọn ọmọ yín náà ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀.