Ẹ yé gbá ilẹ̀kùn bàálù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ra bàálù kékeré Cessna 172 àlòkù. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé èèyàn ni mò ń rí nǹkan tuntun tó bàjẹ́ lára rẹ̀: ọ̀dà á bó, páànù á tẹ̀ wọnú. Ilẹ̀kùn apá ọ̀tún gan-an kò fẹ́ dé mọ́, bẹ́ẹ̀ mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gbá a dáadáa kó má lọ ṣí mọ́ wa lọ́wọ́ lókè. Irú àkọlé wo ni mo lè lẹ̀ mọ́ ọn káàkiri tí àwọn èrò á fi máa ṣọ́wọ́?

ÌDÁHÙN: Kò sí àkọlé tó máa gbà yín. Ẹ ti fẹnu ara yín sọ ohun tó ba ilẹ̀kùn yẹn jẹ́: "kí wọ́n gbá a dáadáa." Wọ́n sì gbá a dáadáa lóòótọ́. Ìmọ̀ràn yìí kan náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń wa bàálù kéékèèké, àwọn tó ń kọ́ni ní wíwà á pàápàá wà nínú wọn. Ó ti sú mi.

Ilẹ̀kùn mọ́tò nípọn, ahọ́n kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ní sípíríǹgì. Tẹ́ ẹ bá ti gbá a gbàm̀, á ti ara rẹ̀ pa. Ti Cessna kò rí bẹ́ẹ̀. Páànù álúmíníọ́mù tí kò tó mìlímítà kan ni wọ́n fi bo ara rẹ̀, híńjì kéékèèké méjì ló sì so ó mọ́ bàálù. Gbígbá kọ́ ló ń tì í, ọwọ́ inú ilẹ̀kùn ni. Ẹ ó rọra fà á mọ́ra títí á fi bá férémù dọ́gba, ẹ ó wá yí ọwọ́ náà dé ibi tí wọ́n kọ LOCK sí. Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn tó tì.

Èrò tí ẹ̀rù ń bà kì í mọ èyí. Á ti yí ọwọ́ náà sí LOCK kó tó fa ilẹ̀kùn, ahọ́n irin á ti yọ síta, á wá gbá a bẹ́ ẹ ṣe ní kó ṣe. Irin á lu férémù, férémù á tẹ̀, híńjì á yẹ̀ díẹ̀. Tó bá di ìgbà tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀kùn á fẹ́ agbára sí i kó tó dé, ẹ ó sì tún ní kí ẹlòmíì gbá a ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ lọ wo etí férémù yín níbi tí ahọ́n ti ń wọlé. Bí ọ̀dà bá ti bó níbẹ̀, tí páànù ń dán yinrin, ẹ ti rí ẹ̀rí.

Tó bá wá ṣí lókè ńkọ́? Tó bá ṣí, ó ṣí náà nìyẹn. Iwájú ni híńjì wà, afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti iwájú ló máa tì í padà, kò ní ṣí ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Ariwo á pọ̀, bébà á fò, èrò á ké. Bẹ́líìtì ló di èèyàn mú, kì í ṣe ilẹ̀kùn. Ìwé atọ́nà Cessna 172 fúnra rẹ̀ sọ pé kò pọn dandan kẹ́ ẹ balẹ̀ torí rẹ̀. Ibi tí ewu wà ni kí awakọ̀ gbàgbé bàálù, kó máa bá ilẹ̀kùn jìjàkadì nígbà tí kò tíì ga kúrò nílẹ̀. Tó bá jẹ́ bàálù irú mìíràn lẹ wà nínú rẹ̀, ìwé tirẹ̀ lẹ máa tẹ̀ lé o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé bàálù tó ń la ìjì kọjá, ṣé ọwọ́ èèyàn ló máa bà á jẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ṣe apá 172 kó lè gba ìlọ́po 3.8 ìwọ̀n bàálù náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà gbé e ni wọ́n ṣe é fún. Flap, abala ẹ̀yìn apá tó máa ń rọ̀ wálẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ balẹ̀, ẹni tó bá fọwọ́ rọ̀ mọ́ etí rẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn, iwájú orí ni wọ́n fi ń gbá a, ẹ̀jẹ̀ á sì dà. Ohun tẹ́ ẹ sì ń pè ní gíláàsì yẹn, ike ni. Òrùka lásán ń ha á.

Nítorí náà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa ti ilẹ̀kùn. Ẹ rìn yí bàálù ká lọ sọ́dọ̀ èrò, ẹ fi ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé hàn án, kó di férémù mú, kó má di ilẹ̀kùn, kó má sì fi orí dáṣíbọ́ọ̀dù fa ara rẹ̀ síwájú. Ẹ rí i pé ìjókòó rẹ̀ ti há mọ́ ojú irin tó ń rìn lé, pé gbogbo bẹ́líìtì wà nínú, kẹ́ ẹ tó ti ilẹ̀kùn. Mo ti rí bàálù tí irin bẹ́líìtì tó há síta lù lára títí ọ̀dà fi bó dé páànù. Ariwo rẹ̀ lókè, ẹ ó rò pé ẹ́ńjìnnì ló ń fọ́.

Tẹ́ ẹ bá balẹ̀, ẹ kọ imú bàálù sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Afẹ́fẹ́ tó bá ti ẹ̀yìn wá á já ilẹ̀kùn gbà lọ́wọ́ èrò, á sì fà á tẹ̀ síwájú. Kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan ọwọ́ ilẹ̀kùn àfi tẹ́ ẹ bá sọ pé ó yá.

Ti abẹ̀bẹ̀ iwájú, èyí tó ń yí ní imú bàálù, mi ò ní bá yín ṣàwàdà. Kí èrò má wọlé, kó má sì jáde, àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú tí abẹ̀bẹ̀ sì dúró jẹ́ẹ́. Tó bá dúró tán náà, wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, àní kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín. Mágínẹ́tò tó ń fi iná ran ẹ́ńjìnnì kò nílò bátìrì. Tí wáyà tó ń pa á bá já, fífi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ díẹ̀ tó láti mú kí ẹ́ńjìnnì ta.

Mi ò rí bàálù yín, mi ò sì lè wo ilẹ̀kùn sàn láti òkèèrè. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì bàálù tó ní ìwé àṣẹ wò ó. Ẹ má fi òòlù tọ́ híńjì fúnra yín, ẹ má sì gbé èrò sí ìjókòó ọ̀tún yẹn títí yóò fi fọwọ́ sí i.