Ṣé òótọ́ ni pé sọ́fítíwíà Java kò mọ irú kọ̀ǹpútà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ilé ìtajà mẹ́ta ni mo ní, méjì n'Íbàdàn, ọ̀kan l'Ọ́yọ̀ọ́. Ọmọkùnrin tó fẹ́ bá mi ṣe sọ́fítíwíà tí a ó fi máa ka ọjà, tí a ó sì fi máa kọ gbèsè oníbàárà, ní Java àti Jakarta EE lòun máa lò. Ó ní kọ̀ǹpútà èyíkéyìí ni yóò ti ṣiṣẹ́, pé mi ò sì ní wojú ẹnikẹ́ni mọ́ láéláé. Owó rẹ̀ ju tàwọn yòókù lọ. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà, mà. Ẹ má bínú bí ohùn mi bá le. Ọ̀rọ̀ "láéláé" yìí ti sú mi gbọ́ ni.

Òótọ́ wà nínú ohun tó sọ. Java, tí Sun Microsystems gbé jáde ní 1995, kì í bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tààrà. Ògbufọ̀ kan wà láàárín tó ń jẹ́ JVM, òun ló ń túmọ̀ iṣẹ́ náà fún Windows tàbí Linux, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Jakarta EE ní tirẹ̀ jẹ́ àdéhùn tí oríṣiríṣi sáfà, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń gbé irú iṣẹ́ Java bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ń tẹ̀ lé, bíi WildFly àti Payara. Bí ọ̀kan bá sú yín, ẹ lè kó lọ sórí èkejì láì tún gbogbo iṣẹ́ kọ. Àǹfààní gidi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kó lọ láì fọwọ́ kan nǹkan kan? Irọ́ ni. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan pè mí nígbà kan. Orí Linux ni ẹni tó ṣe tiwọn ti kọ ọ́, Windows ló wà ní ọ́fíìsì. Nígbà tí wọ́n tẹ orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè jáde, Ọláyẹmí ti di "?láy?mí". Bàbá kan fárígá pé òun kọ́ ló wà nínú ìwé yẹn! Ohun tó fà á ni pé, kó tó di Java 18 ní 2022, bí ẹni tó ń kọ ọ́ kò bá sọ pé UTF-8, ìyẹn ìlànà ìkọ lẹ́tà tó mọ ẹ àti ọ wa, ni kó fi kọ lẹ́tà sínú fáìlì, ti ẹ̀rọ tó bá bá ara rẹ̀ lórí rẹ̀ ni Java máa lò. Ìlànà ti Windows ibẹ̀ kò sì mọ̀ wọ́n. Java kò jẹ̀bi, ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ ló yọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Linux máa ń ka Risiti.pdf àti risiti.pdf sí fáìlì méjì, tí Windows ń kà wọ́n sí ọ̀kan. Àdéhùn Jakarta EE fúnra rẹ̀ yí padà ní 2020: javax, orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́, di jakarta, àwọn tó ní iṣẹ́ àtijọ́ sì sanwó àtúnṣe.

Ti pé ẹ ò ní wojú ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ta ló máa ni source code, ìyẹn ohun tó fọwọ́ kọ gan-an. Bó bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan, ojú rẹ̀ lẹ ó máa wò, Java ni tàbí òmíràn. Mi ò tíì rí ìwé tí ẹ fẹ́ fọwọ́ sí o, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò yẹ̀ ẹ́ wò.

Fún ilé ìtajà mẹ́ta, èmi ò ní san owó gegere torí Java nìkan; .NET, irinṣẹ́ Microsoft tí wọ́n fi ń kọ irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀, náà ti ń ṣiṣẹ́ lórí Linux láti 2016. Bó bá jẹ́ òun lọkàn yín ṣì fẹ́, ẹ di ìdajì owó mú. Kó gbé e sórí Windows àti Linux lójú yín, kí ẹ tẹ orúkọ yín sí i tàmì-tàmì, kó tẹ rìsíìtì jáde lórí méjèèjì. Bó bá ní kò pọn dandan, ẹ wá ẹlòmíràn.