Kí Ló Dé Tí Debugger Mi Ń Pe Gbogbo Nǹkan Ní «main»?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ debugger kékeré kan (ètò tí a fi ń wá àṣìṣe nínú ètò mìíràn) lórí Linux fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Ptrace, ìpè Linux tí ètò kan fi ń wo inú òmíràn, ni mo fi ń ka mẹ́mọ́rì ètò tí mò ń yẹ̀ wò. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń falẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ ń dùn mí jù ni pé àdírẹ́sì tí kò sí nínú ètò mi rárá, á ní «main+» ni (main ni fọ́ńṣọ̀n tí ètò C ti ń bẹ̀rẹ̀), á wá to nọ́ńbà gbọọrọ tẹ̀ lé e. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìsánlú

Òkun o, àbúrò mi. Orúkọ ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe. Debugger tó falẹ̀ á jẹ ọ́ lákòókò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá ń pe orúkọ olórúkọ á ní kí o máa tú fọ́ńṣọ̀n tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ó jọ pé orúkọ tó súnmọ́ àdírẹ́sì náà jù láti ẹ̀yìn lo máa ń mú. Ọ̀nà gidi ni, binary search (pípín àtẹ tí a ti tò sí méjì léraléra) á sì tètè bá ọ rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti Kàbà lọ tó ti dé Ọbájànà, a kì í sọ pé Kàbà ló ṣì wà torí pé Kàbà nìkan ló wà nínú ìwé wa. Nínú àtẹ orúkọ ELF (irú fáìlì tí Linux ń kó ètò sí), fọ́ńṣọ̀n ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ní bó ṣe tóbi tó: st_size. Bí àdírẹ́sì bá ti kọjá òpin yẹn, tẹ «??» jáde bí GDB, debugger tí ọ̀pọ̀ ń lò lórí Linux, ṣe ń ṣe.

Ohun kejì ni pé Linux kì í gbé ètò tí a kọ́ ní PIE (èyí tó lè ṣiṣẹ́ níbikíbi nínú mẹ́mọ́rì) síbi kan náà ní gbogbo ìgbà. Ka /proc/PID/maps (PID ni nọ́ńbà tí Linux fún ètò náà), mọ ibi tó gbé e sí, yọ ọ́ kúrò lára àdírẹ́sì kí o tó wá orúkọ. Libc, àkójọ fọ́ńṣọ̀n C tí ètò ń yá lò, ní ibi tirẹ̀ àti àtẹ orúkọ tirẹ̀. Má ṣe wá orúkọ rẹ̀ nínú àtẹ ètò rẹ.

Èyí tó kàn, ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé rẹ̀. Àdírẹ́sì ìpadà tí o bá lórí stack (apá mẹ́mọ́rì tí ètò ń kọ ibi tí yóò padà sí sí) kì í tọ́ka sí call, àṣẹ tó pe fọ́ńṣọ̀n, fúnra rẹ̀, ohun tó tẹ̀ lé e ló ń tọ́ka sí. Bí fọ́ńṣọ̀n bá fi call sí abort, tó ń pa ètò láìpadà, parí, àdírẹ́sì yẹn lè bọ́ sórí fọ́ńṣọ̀n ẹlòmíràn tó wà nísàlẹ̀. Yọ 1 kúrò kí o tó wá orúkọ, àfi ti férémù (àyè ìpè fọ́ńṣọ̀n kan lórí stack) òkè pátápátá àti èyí tí signal, ìkìlọ̀ tí Linux ń fi ránṣẹ́ sí ètò, dá dúró.

Ó ku ìfalẹ̀. PTRACE_PEEKDATA, àṣẹ ptrace tó ń ka mẹ́mọ́rì, ń mú báìtì 8 wá lẹ́ẹ̀kan lórí ẹ̀rọ 64-bit, ìyẹn ni pé ojú ìwé mẹ́mọ́rì kan tó jẹ́ báìtì 4096 á gba ìpè 512. Lo process_vm_readv, ìpè tó ń ka ọ̀pọ̀ mẹ́mọ́rì ètò mìíràn lẹ́ẹ̀kan; ó ti wà láti Linux 3.2 ní 2012. Ṣùgbọ́n kì í gé iovec kan (àdírẹ́sì àti iye báìtì tí o fẹ́ kà) sí méjì: bí apá kan nínú rẹ̀ bá bọ́ sí ibi tí kò sí mẹ́mọ́rì, èyí tó dára níbẹ̀ náà lè má dé ọ̀dọ̀ rẹ. Nítorí náà, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, iovec tirẹ̀. Bí o bá ń ka ọ̀rọ̀ tí òdo parí, kà á dé òpin ojú ìwé, wo bóyá òdo ti wà níbẹ̀, kí o tó bọ́ sí èyí tó kàn.

O lè tọ́jú ohun tí o ti kà, ṣùgbọ́n bí ètò náà bá ti gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, dà gbogbo rẹ̀ nù. Kí o sì rántí pé breakpoint rẹ (ibi tí o ní kí ètò ti dúró) fi 0xCC rọ́pò báìtì kan nínú kóòdù x86. Báìtì àtilẹ̀wá ni kí o fi han ẹni tó ń wò ó.

Kọ ètò C kékeré kan tí fọ́ńṣọ̀n rẹ̀ fi abort parí, fi gcc -g -O2 kọ́ ọ, kí o wá fi èsì rẹ wé ti bt (àṣẹ tó ń to àwọn fọ́ńṣọ̀n tó pe ara wọn) nínú GDB. Bí wọn ò bá bára mu, fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi.